Òkè Tó Bí Òkúta Ùgbókà

Arínúróde ti dárúkọ ìlú náà kí Ìyùnadé tó lè dá a dúró.

"Òkè-Ọ̀wàwà," ni ẹ̀rọ náà wí, ní ohùn tútù kan náà tó fi ń pe orúkọ gbogbo òkè. "Mo rí i nínú hóró tó pọ̀. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí Ilé Ẹjọ́?"

"Má tíì fi ránṣẹ́."

"Òfin Orísun ní kí n—"

"Mo mọ ohun tí Òfin ní. Mo ní má tíì fi ránṣẹ́."

Ìyùnadé fa àpótí kan sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó jókòó, ó sì tẹjú mọ́ òkúta tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Òkúta yanrìn ni, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ó sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ níbi púpọ̀. Abẹ́ ìlú Ùgbókà ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde kí òkun tó bo ìlú náà pátápátá. Àwọn tó ni ín wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté, tọmọdé tàgbà, wọ́n ń retí ohun tí òkúta wọn máa sọ. Bí Arínúróde bá fi lè fi ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wí yìí ránṣẹ́, Òkè-Ọ̀wàwà ni wọ́n máa pín ilẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Òkè-Ọ̀wàwà ni wọ́n ti bí Ìyùnadé. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń kọ ebè iṣu títí di òní olónìí.

Wọ́n ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sára ògiri Ilé Ìtọpasẹ̀, òkè orí ẹ̀rọ náà gan-an: ÒKÈ TÓ FÚN Ọ NÍ IYANRÌN NI YÓÒ GBÀ Ọ́. Àwọn àgbà tó rántí ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì sí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí òkun kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lé ènìyàn wá sókè, àdá ni wọ́n fi ń pín ilẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà kí ẹlòmíì dájọ́ ilẹ̀ fún òun mọ́, nítorí gbogbo adájọ́ ló ní ilé bàbá. Òkúta ni wọ́n wá gbà fún. Òkúta kì í gba rìbá, kò sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

Àmọ́ ẹni tó ń bá òkúta sọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò. Òfin ti rí ìyẹn náà tẹ́lẹ̀. Bí ìlú atọpasẹ̀, ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ òkúta, bá yọ nínú iṣẹ́ rẹ̀, kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ funfun, kí ó fi kọ́ ara ògiri, kí ó máa lọ sílé. Arínúróde á dá parí iṣẹ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní nǹkan kan.

Ọwọ́ Ìyùnadé ti tú bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ ló kọ̀ tí kò kúrò lára gíláàsì.

"Fi àwọn hóró Òkè-Ọ̀wàwà hàn mí," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n tóbi."

Nínú òkúta yanrìn, hóró kan wà tí kì í jẹrà. Sákọ́nì ni àwọn atọpasẹ̀ ń pè é. Ó kéré ju iyọ̀ lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ le. Ọjọ́ tí iná inú ilẹ̀ bá tutù tó di òkè ni wọ́n bí i, láti ọjọ́ náà sì ni yùréníọ̀mù inú rẹ̀ ti ń di òjé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí òjé inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ti mọ ọjọ́ orí òkè tó bí i. Àwọn èròjà yòókù tó bá a ṣù pọ̀ yàtọ̀ láti òkè dé òkè, bí ọbẹ̀ ilé kan ṣe kì í dùn bíi ti ilé kejì. Òjò á fọ òkè, odò á gbé hóró náà lọ, á di iyanrìn, iyanrìn á di òkúta. Síbẹ̀ hóró náà kò ní gbàgbé ilé.

Àwọn hóró Òkè-Ọ̀wàwà yọ sójú gíláàsì. Wọ́n mú. Etí wọn gún, igun wọn pé, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lára òkè.

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

Àwọn tó kù yọ. Wọ́n ń dán, wọ́n rí roboto bí ọmọ ayò tí ọwọ́ ti lò fún ìran dé ìran. Omi ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Omi ti yí wọn ká orí ilẹ̀ fún àkókò tí ẹnu ènìyàn kò lè kà.

"Níbo ni òkè àwọn wọ̀nyí?"

"Mi ò rí i," ni Arínúróde dáhùn. "Mo wá gbogbo òkè tó wà nínú àká ìrántí mi. Mo wá òdìkejì òkun. Òkè kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn, ọjọ́ orí wọn bára mu, adùn wọn bára mu. Òkè náà kò sí láyé mọ́. Òjò ti fọ̀ ọ́ tán."

"Kí lo wá fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Hóró tí kò ní òkè, Òfin ní kí n fò ó. Àwọn tó ní òkè ni mo ń kà."

Ìyùnadé sún mọ́ gíláàsì. Ó ti yé e. Òkúta Ùgbókà kò mọ Òkè-Ọ̀wàwà rí. Hóró tí odò bá gbé láti òkè dé etíkun kì í dé pẹ̀lú igun. Ọwọ́ ènìyàn ló gbé àwọn onígun yìí wá, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ òkúta náà níbi tó ti fọ́. Bí ó bá bọ́ aṣọ rẹ̀ báyìí, bí Òfin ṣe sọ, Arínúróde á ka àwọn onígun nìkan, àwọn ará Ùgbókà á sì rí ilẹ̀ gbà. Bí ó bá sọ òótọ́, wọ́n á di aláìlórísun. Kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kó aláìlórísun lọ. Pèpéle Omi ni, àwọn irin gbọọrọ tí wọ́n fà dé àárín agbami, tí ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ títí yóò fi kú.

Kó dákẹ́ nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n bá pín ilẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti pe atọpasẹ̀ tirẹ̀ kó tún òkúta yẹ̀ wò, ẹni tó sì ń gbẹnu sọ fún Òkè-Ọ̀wàwà ni Ajíbóyè, ẹ̀gbọ́n Ìyùnadé. Ajíbóyè kì í fi ohun tó jẹ́ ti ìlú sílẹ̀. Ìlú kan ti wà rí tí wọ́n rí ẹ̀tàn nínú òkúta wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti gbin kòkó. Wọn kò kó àwọn yẹn lọ sí Pèpéle Omi pọ̀. Wọ́n pín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkọ síhìn-ín, aya sọ́hùn-ún, kí wọ́n má baà lè pe ara wọn ní ìlú mọ́.

Ìyùnadé tún dé bọ́tìnnì rẹ̀. Ó mú fìlà tó fi ń bo orí lọ́wọ́ oòrùn, ó sì gba èbúté lọ.

*

Òfin gba atọpasẹ̀ láyè kó béèrè bí wọ́n ṣe gbẹ́ òkúta, kò sì gbà á láyè kó sọ ohun tí òkúta wí. Ọkọ̀ tó gùn jù ni wọ́n júwe fún un. Bàbá Orímisàn, àgbà Ùgbókà, jókòó sí ìdí rẹ̀, ó ń fi agolo gbọ́n omi dànù. Omi náà ń wọlé bó ṣe ń gbọ́n ọn. Kò jọ pé ìyẹn ń bí i nínú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni Ìyùnadé wí, ó sì kúnlẹ̀ sórí pákó.

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa ni? Dìde, pákó yẹn ń yọ̀." Ó wo aṣọ funfun ọrùn rẹ̀. "Ìwọ ni o ń tọ́jú òkúta wa."

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ibo lẹ ti gbẹ́ ẹ gan-an?"

"Ẹnu-ọ̀nà mi. Ibo la ó tún ti gbẹ́ ẹ? Ilé mi ló dàgbà jù ní Ùgbókà."

"Lẹ́yìn tí ẹ gbẹ́ ẹ tán, kí lẹ ṣe sí i?"

Orímisàn gbé agolo sílẹ̀. Ó jọ pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "A wẹ̀ ẹ́. A wá fi erùpẹ̀ ẹnu-ọ̀nà pa á lára dáadáa, títí kan ibi tó ti fọ́. Àbí ẹ̀yin ará òkè máa ń mú ìyàwó tuntun jáde nílé láì fi osùn pa á lára ni? Ohun tó bá ń fi ilé sílẹ̀ kì í lọ ní ìhòòhò."

"Erùpẹ̀ wo nìyẹn, Bàbá?"

"Ti ìyàwó." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwa, orí ẹrẹ̀ la kọ́lé sí. Bí a bá fẹ́ obìnrin láti òkè, igbá erùpẹ̀ kan ni wọ́n máa ń gbé lé e lórí láti ilé bàbá rẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà ọkọ ló máa dà á sí, kí ilé má baà rì, kí ẹsẹ̀ òun náà sì mọ ibi tó ń tẹ̀. Ọdọọdún ni ìyàwó mi ń ránṣẹ́ sílé kí wọ́n tún fi kún un fún òun, títí òkun fi gba ọ̀nà. Ọmọ Òkè-Ọ̀wàwà ni."

Ìyùnadé wo omi. Ó mọ̀ pé bí òun bá wo ojú bàbá náà, òun á sunkún. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀ rárá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ba ẹ̀rí ara wọn jẹ́, tọwọ́tẹsẹ̀, bí ẹni ń ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́.

Orímisàn wò ó. Àgbà kì í ṣe òmùgọ̀. "Mo ti ba nǹkan jẹ́, àbí?"

"Bàbá, wọn ò gbà mí láyè láti sọ."

"Má sọ ọ́, nígbà náà." Ó tún mú agolo rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀la, ohun tó bá wà nínú òkúta yẹn ni kí o sọ. A kò rán an níṣẹ́ irọ́. Bí irọ́ bá gbà wá sílé, irọ́ náà ló máa ni ilé."

Ó dára kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu àgbà jáde. Lójú ọ̀nà, Ìyùnadé kórìíra ọ̀rọ̀ náà. Ì bá wù ú kí bàbá náà bẹ̀ ẹ́.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ajíbóyè ti dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn Ilé Ẹjọ́. Ó wọ dàńṣíkí, ojú rẹ̀ le koko.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọ̀rọ̀ ti jò láti Ilé Ìtọpasẹ̀, mo gbọ́ pé ìlú wa ló já sí," ni Ajíbóyè wí, kò dá kíkí rẹ̀ lóhùn. "Kí ni aṣọ yìí ṣì ń ṣe lọ́rùn rẹ?"

"Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ."

"Bí o bá gbè wá lẹ́yìn, wọ́n á ní torí pé ọmọ wa ni ọ́. Bí o bá gbè wọ́n lẹ́yìn, ṣé o lè wo ojú ìyá wa? Bọ́ ọ, Ìyùnadé. Bọ́ ọ, kí o lọ sílé. Mo ti pe atọpasẹ̀ mìíràn tó máa yẹ òkúta náà wò."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa pè é. Ìdí tí mi ò fi bọ́ ọ nìyẹn."

Ó kọjá lára rẹ̀ wọlé.

Àwọn ará Ùgbókà ti kún apá òsì, Orímisàn sì wà níwájú wọn. Nígbà tí Adájọ́ Ọdẹ́tókun pe òkúta náà, Ìyùnadé ló dìde. Ó sọ ohun tí òun rí, láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ọmọ Òkè-Ọ̀wàwà ni òun, ó ní Òfin ní kí òun lọ sílé, òun kò lọ. Ó ní òkúta Ùgbókà kò wá láti òkè kankan tó ṣì dúró.

Apá òsì ru.

"Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbè lẹ́yìn!" ni obìnrin kan kígbe. "Ẹ ò rí i? Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń dì mú!"

Ìyùnadé ti mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́. Síbẹ̀, ó dùn ún dé egungun. Ó gbé oríṣi hóró méjèèjì sábẹ́ gíláàsì ńlá tí gbogbo ilé lè rí, àwọn roboto lápá kan, àwọn onígun lápá kejì. "Ẹ wo àwọn yìí," ló wí. "Odò kọ́ ló gbé wọn lọ sí Ùgbókà. Obìnrin ló fi orí rù wọ́n."

Nígbà náà ni Orímisàn dìde. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé òtítọ́ ni, pé òun ni òun ní kí wọ́n fi erùpẹ̀ pa òkúta lára, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú ọmọ náà. Obìnrin tó kígbe náà jókòó.

Adájọ́ kò pẹ́ nídìí rẹ̀. Ènìyàn rere ni Ọdẹ́tókun, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó lè sá sí. Ó ní kò sí ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà wọn kò ní pín Ùgbókà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní òkúta wọn kò ní orísun. Ó ní ọkọ̀ tó máa fà wọ́n lọ sí Pèpéle Omi ti wà ní èbúté. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe torí pé ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí, bí kò ṣe torí pé ìyá rẹ̀ dì í mú jù.

"Ọmọ mi," Orímisàn pe Ìyùnadé. "Òkè tí o ní ó bí wa yẹn. Kí ló kù nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan tó kù, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́ yín ló wà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Àgbà náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Àwa gan-an ni òkè náà nígbà náà. A ti ń wá a kiri." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Olúwa mi Adájọ́, ṣé ẹjọ́ ilẹ̀ ti parí?"

"Ó ti parí, Bàbá. Ó dùn mí."

"Kò sí ohun tí mo tún lè rí gbà nínú rẹ̀ mọ́?"

"Kò sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti ń dúró kó parí." Ó wo apá ọ̀tún. "Ta ni ará Òkè-Ọ̀wàwà níbí?"

Ajíbóyè dìde. Ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún. Orímisàn, tó lè bí i, ti rìn sọ́dọ̀ rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó sì na gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde!"

"Ẹ̀yin àna mi, mi ò lè dìde. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ sọ. Ọmọ yín tí ẹ fún mi, mi ò rí i dá padà fún yín. Adétọ́ún kú ní ọdún tí òkun gba ọ̀nà. Kò sí ibi tí a lè gbà wá túfọ̀. Nígbà tí a dé èbúté yìí, mo fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé mi ò ní fi òkú ọmọ yín tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ilẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ báyìí. Mo wá sọ fún yín pé ó ti lọ."

Ajíbóyè tẹjú mọ́ orí àgbà náà nílẹ̀.

"Adétọ́ún ti agboolé Sàloró?"

"Òun ni."

"Òun ló pọ̀n mí," ni Ajíbóyè wí, bí ẹni pé Adájọ́ ló ń sọ fún. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà títí mo fi ń rìn. Mo sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e níyàwó, wọ́n ní ọkùnrin kì í sunkún." Ó yíjú padà sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ga lójijì. "Ẹ sin ọmọ wa, a ò gbọ́!"

"Òkun ló gba ọ̀nà, àna mi."

"Mo gbọ́. Òkun kì í ṣe àna wa. Ta ló bá yín sin ín?"

"Gbogbo Ùgbókà ni. Gbogbo wọn ló ń pè é ní ìyàwó."

"Gbogbo wọn?"

"Tọmọdé tàgbà."

Ajíbóyè wo apá òsì. Ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, àwọn obìnrin, àwọn arúgbó, ọmọ tó ń sunkún.

"Gbogbo wọn ló jẹ̀bi nígbà náà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mi ò gba aṣojú. Mi ò fẹ́ kí ẹ rán àgbà kan sí mi. Gbogbo ẹni tó pè é ní ìyàwó ni yóò gun òkè wa, wọ́n á wá dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu-ọ̀nà bàbá rẹ̀, wọ́n á bẹ̀ wá. Àti ọmọ ọwọ́."

Adájọ́ Ọdẹ́tókun tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan kan fọ́. "Ajíbóyè, ọkọ̀ Pèpéle Omi wà ní èbúté. Òfin gba àwọn tó bá ní ẹjọ́ àna láyè kí wọ́n lọ parí rẹ̀. Ọjọ́ wo ni kí n sọ fún ọlọ́kọ̀ pé wọ́n máa padà?"

"Ọjọ́ tí inú wa bá rọ̀, Olúwa mi," ni Ajíbóyè dáhùn. Omijé ti ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ẹ sọ fún un kó má dúró dè wọ́n. Inú àwa ará òkè kì í tètè rọ̀."